Ìrókò Mẹ́tàdínlógójì

Ohun tí Ìbídùnní he nínú eérú kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ: ìkarahun ìgbín kan, tí iná ti sun di funfun bí ẹfun. Ihò kékeré kan wà létí rẹ̀, wáyà tín-ín-rín sì gba inú ihò náà kọjá. Ó gbọn eérú kúrò lára rẹ̀, ó gbé e sójú oòrùn, ó sì ń yí i síwá sẹ́yìn.

"Ìnsípẹ́kítọ̀, ṣé ìgbín lẹ wá wá ni, àbí ọ̀daràn?"

Sájẹ́ǹtì Qòsím ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ku oṣù mẹ́rin péré kí ó fẹ̀yìn tì, kò sì fi pamọ́ pé ara òun kò gbà á kí obìnrin tí òun tó bí lọ́mọ máa pàṣẹ fún òun.

"Ọ̀daràn wa ti wà nínú àhámọ́ ní Òsì," ó tún ní. "Ó ti jẹun àárọ̀ pàápàá."

"Ẹ jẹ́ kó máa jẹun lọ, Bàbá. Ẹ bá mi ka nọ́ńbà ara igi yìí."

Qòsím pòṣé. Ó fi àtàǹpàkò nu páànù pélébé tí wọ́n kàn mọ́ igi náà. "Igba ó lé mẹ́rìnlá."

Ìbídùnní kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó fi ìkarahun náà sápò, ó sì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Olúwa, là mí lójú." Ọmọ díákónì kan nílùú Èrúkù ni. Kí bàbá rẹ̀ tó kọ́ ọ ní á bí dí ló ti kọ́ ọ ní àdúrà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, nígbà tí tọmọdé tàgbà Òsì lọ síbi òkú àgbà kan ní Ìlọfà, ẹnì kan wọ Igbó Òkè-Àpáta yìí. Ó kó igi wẹ́wẹ́ gbígbẹ yí ìdí igi ńlá mẹ́tàdínlógójì ká, ó sì dáná sun wọ́n lóòró. Ewé wọn re tán, èèpo wọn bó, wọ́n wá dúró ní dúdú birimù bí òpó ilé tó jó. Nínú ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ Òsì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka igi láti orí igba, ìrókò ni gbogbo wọn.

Ìrókò wọ̀nyẹn sì ni agbára ìlú. Àwọn ayánilówó kan láti Àbújá ló bá ẹgbẹ́ náà ṣe àdéhùn lábẹ́ ètò tuntun kan: bí ìrókò inú igbó bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni èlé orí owó tí wọ́n yá àwọn àgbẹ̀ yóò ṣe kéré tó. Bí ará ìlú bá fọwọ́ ara rẹ̀ pa igi náà, àdéhùn dàrú. Bí ó bá sì jẹ́ pé àjèjì ló pa á, tí wọ́n mú un, tí ẹjọ́ rẹ̀ wà ní kóòtù, àdéhùn dúró. Lọ́la gan-an ni obìnrin tó ń bá wọn yẹ igbó wò ń bọ̀.

Òsì sì ti rí àjèjì tirẹ̀. Àlímì ni orúkọ rẹ̀, oníṣu ni, láti ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ó ti ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó náà fún ọdún méjìlélógún. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní, ọkọ̀ ń bọ̀ wá gbé e lọ sí Ìlọrin, wọ́n á sì fà á lé kóòtù lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀, ọjọ́ tí yóò padà dé oko rẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n.

"Kí ló jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé Àlímì ni?" Ìbídùnní bi í.

"Iná ìdí igi. Iṣẹ́ oníṣu nìyẹn. Báyìí ni wọ́n ṣe ń pa igi lóko kí ìtàkùn iṣu lè rí nǹkan gùn. Ọmọdé Òsì gan-an mọ̀ ọ́n."

"Ìgbà wo nínú ọdún ni wọ́n ń ṣe é?"

"Ìgbà ọyẹ́, kí wọ́n tó kọ ebè."

"Ìgbà wo la wà yìí?"

Qòsím wo ojú ọ̀run tó ti ń ṣú òjò. "Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ pẹ́."

"Ẹ wo ilẹ̀ tí ẹ dúró lé, Bàbá."

Ó wolẹ̀. Àpáta ni, ó tẹ́ lọ rẹrẹ títí dé ibi tí omi ti ń sun.

"Ta ní ń kọ ebè sórí àpáta?"

Ìbídùnní na ọwọ́ sí igi kan tó wà ní ìwọ̀n apá méjì sí èyí tó jó. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Kò sí páànù lára rẹ̀. "Gbogbo èyí tó jó ló ní nọ́ńbà. Ìrókò mọ́kànlélógún mìíràn tó ní nọ́ńbà wà lókè lọ́hùn-ún, iná kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹni tó dáná yìí kò kàn dáná. Ó ń ti orí igi kan bọ́ sí òmíràn, ó ń ṣà wọ́n. Ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà igi sí wà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Àlímì mọ̀wé kà," ni Qòsím sọ.

"Ó mọ̀ ọ́n kà. Ta ló fún un ní ìwé?"

*

Àlímì jókòó sórí sìmẹ́ǹtì àhámọ́, ojú rẹ̀ ọwọ́ òsì wú. Nígbà tí ó rí Ìbídùnní, ó yíjú sógiri.

"Ta ló lù yín?"

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni?"

"Èmi kọ́."

"Aṣọ kan náà lẹ wọ̀."

Ìbídùnní bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin. "Níbo lẹ wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Lóko. Èmi nìkan. Wọn kì í pe àjèjì síbi òkú, ìdáwó òkú nìkan ni wọ́n ń pè é sí." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì di ètè tó là mú. "Ẹ ń bi èmi. Ẹ ti bi ẹni tó fẹ́ gba oko mi? Ẹ̀ẹ̀mejì ni Olóyè Adégbìtẹ́ ti mú àwọn awọnlẹ̀ wá síbẹ̀ lọ́dún yìí. Mo lé wọn. Lẹ́yìn náà ni iná jó."

Ìbídùnní dìde. Olóyè Adégbìtẹ́ ni alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Òun náà ní ìwé.

*

Olóyè kò ní kó jókòó. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ló ti dá a dúró, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ikùn.

"Ọmọ Èrúkù ni ọ́. Kí lo mọ̀ nípa igbó Òsì?"

"Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ ilẹ̀ Àlímì, sà."

"Mo fẹ́ ẹ! Ilẹ̀ bàbá mi ni, mo fi yá a ni. Tí mo bá fẹ́ gba ilẹ̀ bàbá mi, ṣé iná ni mo máa fi gbà á? N ó kọ lẹ́tà sí i ni." Ó na abẹ̀bẹ̀ sí i bí ẹni ń na ọ̀pá. "Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀gbẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù ni mo jókòó sí ní Ìlọfà, láti aago mẹ́sàn-án títí tí wọ́n fi bo òkú mọ́lẹ̀. Ọ̀rìnlélégbèje èèyàn ló rí mi. Lọ bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà igi sí ńkọ́?"

Olóyè pe ìyàwó rẹ̀. Wọ́n gbé ìwé náà jáde láti abẹ́ Bíbélì ńlá. Inú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e láti ibi ìtẹ̀wé ló ṣì wà, wọn kò tíì já ẹnu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi ìwé tí a kò tú wá igi mẹ́tàdínlógójì nínú igbó. Ìbídùnní mọ̀ pé ọ̀nà yìí ti dí.

"Ìwé mélòó ló wà, sà?"

"Mẹ́ta. Èyí, ti Àbújá, àti ti Akọ̀wé." Olóyè dẹ́kun abẹ̀bẹ̀. "Ó tó o. Màá mú Akọ̀wé wá sí tẹ́ṣàn yín fúnra mi ní aago mẹ́ta, kó fi ẹnu rẹ̀ sọ fún ọ bí wọ́n ti ń ka igi. Lẹ́yìn náà, kí ọkọ̀ gbé Àlímì lọ. Ìlú yìí ní ìyá àti ọmọ tó ń fi owó yẹn jẹun."

*

Níwájú tẹ́ṣàn, ìyá arúgbó kan jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, agbọ̀n òfìfo wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ìyá yìí tún nìyí!" Qòsím ju ọwọ́ sókè. "Màmá, ṣebí mo ní kẹ́ ẹ lọ sílé lánàá. Ọ̀rọ̀ ìrókò là ń yanjú níbí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ irú ọbẹ̀."

"Ìwọ tó ò ń lá irú nínú ọbẹ̀ lójoojúmọ́, ṣé orí páànù ilé yín ló ti ń jábọ́?"

Qòsím fẹ́ tún sọ̀rọ̀. Ìbídùnní ti kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, Ìyá. Irú wo?"

"Àtinúkẹ́ lorúkọ mi, ọmọ. Ẹ ti fokùn dí ọ̀nà ugbó fún wa láti ọjọ́ Ọjọ́rú. Èso irú mi ti gbó. Tí òjò ńlá bá lù ú, ó parí. Igi mẹ́ta ni mo ní, lábẹ́ àpáta tí omi ti ń sun. Ọjọ́ tí mo bí àkọ́bí mi ni ìyá ọkọ mi mú mi débẹ̀, ó ní kí n fọwọ́ kàn wọ́n, ó ní tèmi ni wọ́n láti òní lọ. Òun náà, ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ló ti gbà wọ́n." Ohùn arúgbó náà yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki igi rẹ̀ bí ẹni ń ki ọmọ:

"Atanná-pupa-roboto, aso-gbọọrọ-lókè,
A-rẹ̀-sílẹ̀-kó-ọmọ-jẹ,
Igi tó ra ṣòkòtò ilé-ìwé fún Ṣẹ́gun,
Tó ra tábìlì fún Ṣadé,
Ìyàwó mẹ́rin jẹ ọ́, o ò tán."

Ìbídùnní ṣí ìwé rẹ̀. Abẹ́ àpáta tí omi ti ń sun ni igi igba ó lé mẹ́rìnlá wà.

"Ìyá, ẹ ti fi ààlè sí wọn lọ́dún yìí?"

"Kí ló máa mú kí n má fi í? Olè pọ̀. Láti oṣù Ṣẹrẹ tí wọ́n ti ń tanná ni mo ti so ó kọ́: àkísà pupa kan, pẹ̀lú ìkarahun ìgbín. Wáyà ni mo fi so ó, kí ikán má bàa já a."

Ìbídùnní mú ìkarahun náà jáde nínú àpò, ó fi í lé arúgbó náà lọ́wọ́. Ìyá Àtinúkẹ́ wò ó. Ó fi ọmọ ìka tọ ihò rẹ̀. Kò sunkún.

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?" ó bi í.

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ìyá."

"Ta ni?"

"Ẹ wọlé wá. Ẹ jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ má sọ nǹkan kan títí n ó fi pè yín."

*

Fọláránmi, akọ̀wé ẹgbẹ́, wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun báláú, fáìlì wà lábíyá rẹ̀. Kàdúná ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí ó wá sin bàbá rẹ̀, ló tó padà wálé. Olóyè Adégbìtẹ́ jókòó tì í, ó ń wo aago ọwọ́.

"Ìgbà wo lẹ wọ Igbó Òkè-Àpáta kẹ́yìn, Akọ̀wé?"

"Oṣù Èrèlé, ọjọ́ tí a ka igi tán. Ẹsẹ̀ mi ò débẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Mò ń sunkún ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe ni, n kò lè lọ wò ó."

"Ta ló ka àwọn igi náà?"

"Èmi fúnra mi. Èmi ni mo kan nọ́ńbà mọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan."

"Igi igba ó lé mẹ́rìnlá?"

Ó ṣí fáìlì, ó tọ́ka. "Ìrókò. Lábẹ́ àpáta, létí omi."

"Ẹ rántí rẹ̀?"

"Bí mo ṣe rántí orúkọ mi."

"Ó yà mí lẹ́nu. Igi tó pọ̀ tó yẹn! Kí lẹ fi dá a mọ̀?"

Fọláránmi rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tó rọrùn lẹ́nu ìdánwò. "Ìdọ̀tí ara rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé ìkarahun ìgbín àti àkísà kan kọ́ ọ. Mo ní láti sún un sókè kí n tó rí ibi tí n ó kan páànù mọ́."

Qòsím tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wú ikọ́. Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Akọ̀wé," ó ní, díẹ̀díẹ̀, "ààlè nìyẹn."

"Kí ni?"

"Ààlè! Ṣé wọn kì í fi ààlè sí nǹkan ní Kàdúná ni?"

Ìbídùnní gbé àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì. "Ohun tí èèyàn ń ká, tí olè lè jí, ni à ń fi ààlè sí. Akọ̀wé, kí ni olè fẹ́ ká lórí ìrókò?"

Fọláránmi la ẹnu. Ó wo Olóyè. Olóyè ń wo ilẹ̀.

"Ìyá Àtinúkẹ́, ta ló ni igi tó wà lábẹ́ àpáta?"

"Èmi ni," ni ohùn kan dáhùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Igi irú mi ni."

"Arúgbó kò mọ nọ́ńbà…" Fọláránmi bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ fún mi ní ìwé ọwọ́ yín yẹn."

Kò fẹ́ fún un. Qòsím gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbídùnní ṣí i síbi tí iná bọ́ọ̀bù ti mọ́lẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà igba ó lé mẹ́rìnlá, àmì ìka dúdú kan wà níbẹ̀, àmì èédú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó tẹ̀ lé e, òmíràn. Ó ka gbogbo rẹ̀ sókè, kò yára. Mẹ́tàdínlógójì ni.

"Ìwé Olóyè ṣì wà nínú ọ̀rá. Ti Àbújá wà ní Àbújá. Èyí nìkan ló bá ẹni tó ń dáná rìn láti ìdí igi kan dé ìdí igi kejì. Ẹ ní ẹsẹ̀ yín ò débẹ̀ láti oṣù Èrèlé. Níbo ni èédú ti rí ìwé yín?"

Nígbà tí Fọláránmi máa sọ̀rọ̀, ìbínú ló fi sọ ọ́, kò bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo rẹ̀! Ṣé ẹ mọ iye ìrókò tó wà nínú igbó yẹn? Mọ́kànlélógún. Ẹni tí kò bá ní àádọ́ta, náírà mẹ́rìnlélógún lórí ọgọ́rùn-ún ni èlé rẹ̀. Ẹni tó bá ní àádọ́ta, mẹ́sàn-án. Èlé mẹ́rìnlélógún á pa àwọn àgbẹ̀ yìí. Mo kọ igi irú sílẹ̀ ní ìrókò, mo kọ igi òrí sílẹ̀ ní ìrókò. Gbogbo ìlú jó ijó ayọ̀ lọ́jọ́ tí owó dé. Kò sẹ́ni tó bi mí bí mo ṣe kà á. Mi ò jí kọ́bọ̀!"

"Wọ́n wá ní àwọn ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò."

"Obìnrin yẹn mọ ewé. Ó mọ èèpo."

"Nítorí náà, ẹ mú ewé àti èèpo kúrò."

Ìyá Àtinúkẹ́ ti rìn dé iwájú tábìlì. "Kí ló dé tí o kò kọ ọ́ sílẹ̀ ní irú?"

"Nítorí irú kò já mọ́ nǹkan kan nínú ìwé wọn, Màmá! Wọ́n ní iye fún ìrókò. Wọ́n ní iye fún ẹkùn, fún ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Níwájú irú, òdo ni wọ́n kọ."

"Òdo," ni arúgbó náà wí. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. "Ọmọ mẹ́fà ni mo fi irú rán lọ sílé ìwé o. Òdo."

Olóyè Adégbìtẹ́ dìde, ó ti ilẹ̀kùn. "Ó dáa. A ti gbọ́. Inú yàrá yìí ni ọ̀rọ̀ yìí máa kú sí." Ó kọjú sí Ìbídùnní, ó sì lo ẹ̀yin fún un fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹ gbọ́, Ìnsípẹ́kítọ̀. Oṣù mẹ́fà péré ni Àlímì máa lò. A ó máa bọ́ ìyàwó rẹ̀. A ó tún oko rẹ̀ ro. Tí ẹ bá ṣí èyí síta, lọ́la ni àwọn ayánilówó máa fi kọ́kọ́rọ́ ti ẹ̀rọ gàrí tí a fi owó wọn rà fún àwọn obìnrin, wọ́n á kó tírákítọ̀ lọ. Ẹnì kan, àbí ìlú kan?"

"Ṣé Àlímì ti gbà á?"

"Ẹ má dá wa lóhùn bí ọmọdé!"

"Ẹ lọ bi í, sà. Inú àhámọ́ ló wà, kò jìnnà." Ìbídùnní fa bébà síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. "Bàbá Qòsím, ẹ mú Akọ̀wé wọlé. Ẹ mú Àlímì jáde."

Qòsím kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó mú kọ́kọ́rọ́. "Dìde, Akọ̀wé," ó ní.

"Ọmọ Èrúkù," ni Olóyè sọ lẹ́nu ilẹ̀kùn, "ẹ̀ṣẹ̀ wa kọ́ ni pé wọ́n bí ọ síbòmíràn." Ó jáde, kò pa ilẹ̀kùn dé.

*

Kí aago mẹ́rin tó lù, ọ̀rọ̀ náà ti dé ọjà. Nígbà tí ọkọ̀ Ìlọrin yóò fi gbé Fọláránmi lọ, ìta tẹ́ṣàn ti kún. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, tọkùnrin tobìnrin. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá tí wọ́n gbé ti oko bọ̀.

"Ṣé inú yín dùn báyìí?" obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn. "Ẹ ti bá wa ba ayé wa jẹ́ tán!"

"Nítorí oníṣu kan!"

Àlímì dúró nídìí káńtà, ó ń so okùn ṣòkòtò rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà fún un. Okùn náà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo ojú fèrèsé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló lọ sí oko rẹ̀, àárín èrò yẹn ló sì gbà kọjá. Ìbídùnní rí i bí ó ṣe ń ka àwọn tó ti ń kí i láàárọ̀ láti ọdún méjìlélógún, tí ojú wọn ti le koko báyìí.

"Ẹ ti dòmìnira," ó sọ fún un. "Mo ti fọwọ́ sí i. Ẹ lè máa lọ."

Àlímì kò kúrò níbi tí ó dúró sí. Ó yíjú sí i. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú un, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí kò fi ìbínú wò ó.

"Ìnsípẹ́kítọ̀," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rìn délé."